Ìṣẹ́jú Méjìlélógún ní Ugwuaji

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Enugu ni pé mo kí onílé mi, bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni. Mo rí i níwájú yàrá tí mo gbà ní Asata, mo fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ mi kan kan ilẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá náà tẹ̀ba pẹ̀lú mi, ó ń wo abẹ́ àga, ó ń bi mí ní Pijin pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣé kọ́kọ́rọ́ ni àbí bọ́tìnnì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wọlé tán ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi yẹn.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹlẹ́nu ni mí. Nígbà tí mo ń wakọ̀ n'Íbàdàn, Rédíò ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Mo lè sọ ìtàn láti Mọ́kọ́lá dé Ṣágámù kí n má sì tún ọ̀kan sọ. Enugu wá dé, ẹnu mi ò rí iṣẹ́ ṣe. Mo gbọ́ Pijin, kò burú, àmọ́ Pijin ò gba àwàdà mi. Tí mo bá fi ṣàwàdà, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun ló ń rí lára mi. Nígbà tó yá, sítíárìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń kí ọkọ̀ ní àárọ̀, màá bi í bó ṣe sùn.

Àwọn ará ilé ò fẹ́ kí n lọ rárá. Ogun abẹ́lé ti parí láti bí ọdún méjìlá, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sunkún, ó ní, "Ṣé ibi tí wọ́n ti jagun lò ń gbé ara ẹ lọ?" Mo dá a lóhùn pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo ń lọ fi ọkọ̀ kó, kì í ṣe ìbọn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín ọtí náà kiri ìlú àti abúlé ló gbà mí. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ọkọ̀ wọn, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ti pẹ́ gan-an n'Enugu. Òun náà ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa Yorùbá ń lọ, orúkọ yẹn ni gbogbo wa sì ń pè é, títí kan àwọn awakọ̀ tó jẹ́ Ìbò.

Obiora ló kọ́ mi ní ìlú náà. Awakọ̀ bíi tèmi ni, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo jókòó tì í nínú ọkọ̀ rẹ̀ kí n lè mọ àwọn oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun ló jókòó tì mí nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Milliken, ọ̀nà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òógùn bò mí. Ó ní, "Ngbati, jíà kejì. Má fọkàn tán búréèkì." Bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, Ngbati, torí "nígbà tí" tí kì í kúrò lẹ́nu wa. Èmi náà ń pè é ní Nna, bí àwọn Ìbò ṣe ń pe ara wọn. Kò sẹ́ni tó bínú sí ẹnìkejì rẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní yẹn, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́, Obiora máa ń yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà eléruku kan ní Ugwuaji. Oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, ilé ò tíì tó nǹkan. Á gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi mángòrò, á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ á jáde. Ojú ìyá náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa kán oògùn sí i ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, tí wọ́n bá ti ń fo ọ̀kan, ojú náà á kú pátápátá. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, kò lè kán an fúnra rẹ̀. Obiora nìkan ló kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí, Obiora ò sì tíì gbéyàwó. Àárọ̀ àti alẹ́ rọrùn, ìgbà yẹn ó wà nílé. Tọ̀sán ló ń fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe. Ogún ìṣẹ́jú, ó pẹ́ jù méjìlélógún, a ti padà sójú títì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìyá náà fọwọ́ wá ojú mi kiri, ó bi Obiora léèrè ibi tí mo ti wá. Obiora sọ fún un. Ọwọ́ ìyá dúró lórí ojú mi. Mo rántí ogun. Ó wá sọ nǹkan kan, Obiora túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé, "Ó ní ṣé o ti jẹun?"

Mo ti tó ọdún kan níbẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ wa já sọ́gbun lórí òkè Milliken. Eré ló sá. Awakọ̀ náà kú, obìnrin ọlọ́jà kan tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kú. Mo bá wọn gbé òkú. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan ni wọ́n kó ẹ̀rọ kan dé láti òkè òkun, takogíráàfù. Wọ́n máa ń tì í bọ iwájú ọkọ̀, níbi tí aago eré wà. Páálí róbótó kan tó tẹ́ pẹlẹbẹ ló ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan á sì máa ha ìlà sí i. Bí o bá sáré, ìlà á gòkè. Bí o bá dúró, ìlà á sùn sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á ṣí i pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ òun nìkan, á yọ páálí náà, á sì rí gbogbo bí o ṣe lo ọjọ́ rẹ. Àwọn awakọ̀ ò tíì rí i tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Olófòófó. Wọ́n ní àwọn ò ní í bá a rìn. Ọ̀kan ní, "Ṣé tí mo bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti tọ̀, òun náà ni màá ṣàlàyé fún?"

Bàbá Ìjọ pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó. "Ọmọ mi," ó ní, "àwọn èèyàn yìí ò ní í gbọ́ tèmi. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn. Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Eré nìkan la fẹ́ máa wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa kú mọ́. Ibi tí èèyàn bá dúró sí ò kàn wá."

Mo lọ bá wọn nínú ọgbà tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ mi lóòótọ́, torí gbogbo wa la rí òkú yẹn. Obiora nìkan ló ní, "Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, kó fọwọ́ sí i, ó ti parí."

Ìbínú gbé mi. "Ha! Kí n lọ bá àgbàlagbà, Bàbá Ìjọ, kí n ní kó wá tọwọ́ bọ̀wé torí ọ̀rọ̀ tó ti tẹnu ẹ̀ jáde? Obiora, o ò mọ̀ wá. Nílé wa, èébú ńlá ni. Ó sàn kí n gbá a létí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Na you I sabi o. I no sabi am." Ó gba páálí tirẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe, ó sì lọ kó ẹrù.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ Olófòófó. Ó wúlò. Èmi tí mo máa ń fò wálẹ̀ lórí òkè, mo fà sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ìlà mi ń ta gìjà-gìjà bí eyín ayùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti rọra ń lọ. Bàbá Ìjọ gbé páálí mi kọ́ sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè wò ó. Inú mi dùn kọjá sísọ. Ọkọ̀ kankan ò já sọ́gbun mọ́. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ yẹn ò dáa, mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ni.

Ẹ̀rọ náà pàápàá ò mọ ibì kankan. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ dúró, ó mọ aago tó dúró àti aago tó gbéra. Bóyá ẹnu ọ̀nà ọjà ni o, bóyá abẹ́ igi mángòrò ni o, kò mọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi tẹlifóònù pe ìyàwó mi. Òun náà á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa n'Íbàdàn. Mo máa ń pariwo. Á ní, "Bàbá Dékúnlé, ẹ rọra, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ yín." Kí n tó sọ ìdá kan nínú ohun tó wà níkùn mi, wọ́n á ti gé e. Màá máa fẹsẹ̀ rìn padà sí Asata, màá máa bá ara mi sọ ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù.

Ebi ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa mí lọ́jọ́ Àìkú tí Bàbá Ìjọ ní kí n wá bá òun jẹun ní Trans-Ekulu lẹ́yìn ìsìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ kalẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, wọ́n ní, "Good afternoon, uncle," wọ́n dúró ṣánṣán. Ìyá wọn pariwo, "Ẹ kúnlẹ̀!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sá lọ. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bàbá Ìjọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu tábìlì, ó ń sọ pé, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o ò ní í pa mí!" Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀. Tó bá ní kí n sọ àṣírí ìyá tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, màá sọ ọ́.

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò ní nǹkan kan lọ́kàn, "Obiora ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, ṣé kò sí nǹkan? Mo ń rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ máa ń sinmi díẹ̀ lọ́sàn-án."

Mo ní, "Bàbá, ọmọ gidi ni!" Èmi rò pé mò ń yìn ín ni. Mo sọ ti Ugwuaji, mo sọ ti igi mángòrò, mo sọ ti oògùn ojú. Mo tiẹ̀ ṣàfihàn bí ìyá ṣe máa ń fi ìka fa ìpéǹpéjú sílẹ̀. Ìyàwó Bàbá Ìjọ ní, "Ó mà ṣe o." Bàbá Ìjọ mi orí, ó ní, "Ọlọ́run á wo ìyá náà sàn." Ó bu mọ́ínmọ́ín kún tèmi.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ Obiora láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà Amechi àti àwọn abúlé ìhà gúúsù, ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò ní òkè, gbogbo awakọ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Mo bi í pé Obiora ńkọ́. Ó ní wọ́n ń gbé e lọ síbòmíràn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un o!

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá Obiora nínú ọgbà, ó wọ ẹ̀wù ilé, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Wọ́n ti lé e níṣẹ́. Ó na ìwé náà sí mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó máa ń fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yà lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ugwuaji lójoojúmọ́, láti kán oògùn sí i lójú.

Mo kà á tán. Obiora ò pariwo. Ó ní, "Dis paper wey dey turn for inside motor, e sabi Ugwuaji? E sabi my mama eye?"

Mo rọra ká ìwé náà. Àwọn awakọ̀ yòókù ti ń wò wá. Ó pè mí ní orúkọ mi gan-an, kì í ṣe Ngbati, ó ní, "I tell you say make e write am." Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó bá ẹnubodè jáde. Kò sẹ́ni tó tún bá mi jẹun nínú ọgbà yẹn mọ́.

Ó ń ṣe mí bíi pé mi ò ní í lè dúró di ọjọ́ Àìkú, àmọ́ mo dúró, torí mi ò fẹ́ bú àgbàlagbà lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Mo bá Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ kọ́áyà sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ ní eré nìkan."

Ó ń ká aṣọ. "Ọmọ mi, olú-ilé-iṣẹ́ ní kí n ṣàlàyé gbogbo ìdúró tó bá ti pẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ. Kí ni kí n ṣe?"

"Inú ilé yín ni mo ti sọ ọ́! Orí oúnjẹ!"

"Ṣé mo fi tipátipá là ẹ́ lẹ́nu ni?" Kò tiẹ̀ gbóhùn sókè. "Ta sì ni mo gbé ọkọ̀ náà fún? Ṣé kì í ṣe ọmọ ilé wa ni mo gbé e fún? Ó yẹ kó o máa dúpẹ́ ni."

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ó ti tà mí tipẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ní kí n jókòó ní ọ́fíìsì òun ló ti ń fi ẹnu mi ṣiṣẹ́. Ó fi ẹnu mi mú wọn gba ẹ̀rọ, ó tún fi ẹnu mi kan náà lé Obiora lọ. Mo ti rò pé bí mo bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu èèyàn, ilé ni mo wà. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè kọrin ìkẹyìn pẹ̀lú wọn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá Dékúnlé, ṣé ẹ ti sọ fún Obiora pé ẹnu yín ló ti jáde?"

Mo ní, "Ó ti mọ̀."

"Mi ò bi yín bóyá ó mọ̀. Mo ní ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún un?" Wọ́n gé e.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo béèrè Obiora, wọ́n ní kò sí nílùú. Ó ti rí ọkọ̀ pákó wà lápá Ogoja, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Mo wá ronú kan ìyá rẹ̀. Ta ló ń kán tọ̀sán fún un?

Ní ọjọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, aago kan ku díẹ̀, mo yà kúrò lójú títì. Olófòófó ń ha páálí rẹ̀ lọ níwájú mi. Mo gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi mángòrò, mi ò tiẹ̀ fun fèrè. Ọkọ̀ Obiora ni, ìyá mọ ìró rẹ̀. Ó jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, ó ń pè, "Obi! Obi m!" Ó dúró síwájú mi, ó gbé ojú sókè, ó sì ti fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun.

Mo ní, "Mama, na Ngbati."

Kò mú ìka kúrò. Ó fi ọwọ́ kejì júwe ojú fèrèsé, níbi tí ìgò oògùn wà. Aládùúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ sóko. Mo kán an sójú ọ̀tún, mo kán an sójú òsì. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, láti orí mọ́ínmọ́ín dé orí ìwé. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ mi ò ní èdè mìíràn tó lè gbé e. Ó gbọ́ ẹkún. Ó ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

Lójoojúmọ́ ni mo ń débẹ̀ láti ìgbà náà. Mo kọ lẹ́tà sí Obiora, mo kọ ọ́ gbangba ní Pijin pé, "Ẹnu mi ni," mo fi í sábẹ́ ìgò oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgò tuntun ló wà lójú fèrèsé, ó kún. Obiora ti wá, ó ti lọ, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Mo mú ìgò tuntun náà, mo ṣí i.

Mo mọ̀ pé Bàbá Ìjọ á pè mí, ó sì pè mí. Ó ti tẹ́ páálí mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó tìlẹ̀kùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi Yorùbá tó dùn létí sọ ọ́: "Ọmọ mi, jókòó. Ìṣẹ́jú méjìlélógún, lójoojúmọ́, aago kan ọ̀sán. Níbo lo máa ń dúró sí?"

Mi ò jókòó. Mo ní, "Paper dey your hand, sir. Ask am."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ló dé tó ò ń sọ Pijin sí mi? Ṣé èmi àti ìwọ ò ní èdè ni?"

Mo kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí àwọn páálí náà.

Mo ní, "I no dey hear Yoruba, sir."